Káàdì Yẹ́lò Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin tí Nímọ́tà bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Ọmọ mọ́kànlá ni Ìyá Mùkáílà ti wẹ̀ nínú agboolé wọn ní Ẹ̀jìgbò. Ó fi kànìnkànìn ra ẹ̀yìn, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Ìgbà tó kan ojú ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìpéǹpéjú ọmọ ti wú, ó sì ti lẹ̀ pọ̀. Ìyá fi òwú tútù nù ún díẹ̀díẹ̀. Bí ojú ọ̀tún ṣe là, ọyún tó ki tú jáde bíi wàrà tó ti bàjẹ́, ó sì ṣàn dé etí.

Ìyá ní kò séwu, pé ooru ìrọbí ló ń jáde, kí Nímọ́tà fún ọmú sí i lójú. Nímọ́tà fún un sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa kàn wọ́n lórí, ojú òsì náà ti ń ṣe bí ọ̀tún. Nímọ́tà so ìró rẹ̀ le, ó ní ilé ìwòsàn lòun ń lọ.

Ọkọ rẹ̀, Mùkáílà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iṣu láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé ni. Kò tilẹ̀ já iṣu sílẹ̀. Ó gbé ìyàwó, ọmọ àti ìyá rẹ̀ sí iwájú mọ́tò, ó sì wà wọ́n lọ síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ọmọpẹ́ ni wọ́n bá ara wọn. Obìnrin yìí ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Ó fọ ọwọ́, ó la ojú ọmọ, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá dúdú ojú ṣì ń dán. Ó fi òwú tín-ín-rín gba díẹ̀ nínú ọyún náà sórí gíláàsì, ó ní kí wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní itan. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n ibi tí wọ́n bí i sí.

Wọ́n ní ilé ìyá agbẹ̀bí kan ní Masifa ni.

"Ṣé wọ́n fi oògùn sí i lójú bó ṣe jáde?"

Nímọ́tà ní wọn ò fi nǹkan kan sí i.

Nígbà tí èsì gíláàsì náà dé, nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ ọ́ fún wọn láìyí i po. "Àtọ̀sí ló wà lójú ọmọ yín. Ojú ara ìyá rẹ̀ ló ti kó o nígbà tó ń jáde bọ̀. Tí ẹ bá dúró di ọ̀la, ó lè fọ́ ọ lójú pátápátá."

Nímọ́tà kò tíì lóye. Ó ní kò sí ibi tó ń dun òun, òun kò rí ọyún, òun kò sì mọ ọkùnrin mìíràn láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì òun. Nọ́ọ̀sì ní òun gbà á gbọ́. Ó ṣàlàyé pé ọkùnrin tó bá kó àtọ̀sí sábà máa ń mọ̀, nítorí ìtọ̀ á máa ta á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin lè gbé e kiri fún oṣù púpọ̀ láìmọ̀ rárá.

Gbogbo wọn yíjú sí Mùkáílà.

Mùkáílà kò bínú. Ó dà bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò bọ́ sí i. Ó ní lóòótọ́, ìtọ̀ ta òun ní oṣù méjì sẹ́yìn, òun ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn ní gáréèjì, ìta náà sì lọ. Òun rò pé ooru mọ́tò ni.

"Kò lè jẹ́ ọ̀dọ̀ tèmi ló ti wá, mà," ó ní. "Mo wo káàdì kí n tó wọlé."

"Káàdì wo?" Nímọ́tà bi í. "Ilé ta lo wọ̀?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní òtẹ́ẹ̀lì Olújídé tó wà lẹ́yìn gáréèjì, àwọn aṣẹ́wó márùn-ún ló ń gbé yàrá márùn-ún. Káàdì yẹ́lò kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi yàrá karùn-ún. Òǹtẹ̀ ìjọba wà lára rẹ̀, déètì sì wà níbẹ̀. Olújídé sọ fún àwọn awakọ̀ pé dókítà ti wo àwọn wọ̀nyí, wọ́n mọ́ tónítóní, kí oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ rí i. Yàrá kẹrin làwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù, nítorí káàdì ibẹ̀ ló kún fún òǹtẹ̀ jù. Wọn kì í wọ yàrá karùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Ọmọpẹ́ rọra fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú káàdì yẹ́lò kan jáde. "Ṣé irú eléyìí ni?"

"Òun náà ni, mà."

Nọ́ọ̀sì jókòó.

"Èmi ni mò ń tẹ òǹtẹ̀ yẹn," ó ní. "Káàdì aláìsàn ni."

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn, ó sì fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Lókè káàdì, nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ, kí ẹni tí ìtìjú ń ṣe má baà sá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà ni wọ́n fà sí i. Déètì tí aláìsàn máa padà wá ni wọ́n ń kọ sínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó bá wá gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ kan. Ìlà tó bá ṣófo, abẹ́rẹ́ kù nìyẹn. Káàdì tó bá kún, ẹni tó ti kó àrùn, tó gba ìtọ́jú, tó tún kó o padà ló ni ín.

"Ẹni tó wà ní yàrá karùn-ún tí ẹ kì í wọ̀," nọ́ọ̀sì ní, "bóyá ni àtọ̀sí ti ṣe é rí. Òun ni kò ní káàdì."

Ìyá Mùkáílà dìde, ó jáde síta, ó lọ dúró sábẹ́ igi.

Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Alájì Ràmọ́nù, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò gáréèjì. Ó pe ìpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ní iwájú ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn wá ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní ìyàwó nílé, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n.

Àwọn kan ní kí ọlọ́pàá kó àwọn obìnrin náà, kí ilé ẹjọ́ jù wọ́n sẹ́wọ̀n, kí ìlú mọ́. Olújídé náà wà níbẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé káàdì aláìsàn ni, pé ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ó yẹ kí káńsù ṣe káàdì gidi. Kí òfin gba iṣẹ́ náà láyè, kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀, kí dókítà máa wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa san owó orí bíi télọ̀ àti bíríkìlà. Àwọn kan mi orí sí i. Ẹnì kan tó wà lẹ́yìn béèrè bóyá Olújídé á gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọpẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó rán wọn létí pé ní ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti fi pàṣán lé àwọn obìnrin kan kúrò níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn wà lórí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, wọn ò padà wá parí rẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn alátọ̀sí ti ń ti ìlú Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá sí ilé ìwòsàn, àwọn ìlú tí òun kò ti rí alátọ̀sí rí. Lílé wọn kò lé àrùn náà. Ó kàn gbé e wọ mọ́tò ni.

Ní ti káàdì Olújídé, ó ní ká tilẹ̀ ní ojúlówó ni. Tí dókítà bá wo obìnrin ní àárọ̀ Mọ́ńdè tó sì mọ́, ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ wọlé sí i lọ́sàn-án lè kó àrùn ràn án, káàdì á ṣì máa sọ pé ó mọ́ títí di Mọ́ńdè kejì. Àrùn éèdì tilẹ̀ wà tí àyẹ̀wò kì í rí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ara ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó nìkan ni ìwé àyẹ̀wò lè sọ.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sẹ́yìn, ó ní ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan dìde láàárín àwọn obìnrin, ó sún gèlè rẹ̀ sẹ́yìn. Sàrátù ni. Àwọn èèyàn ti ń rò pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo àwọn aṣẹ́wó náà ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá eléèlùbọ́ kan ní Ara ni Sàrátù, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni Ìyá Mùkáílà sì ti ń ra èlùbọ́ tipẹ́. Ó bá ọkọ lọ sí Abíjàn, ọkọ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì, ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ìyá Mùkáílà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bọ̀n, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó," Sàrátù ní, bí àwọn tó ti Abíjàn dé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ni káàdì yàrá kẹrin. Èmi kọ́ ni mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Olújídé ló gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n má baà sọ ọ́ nù. Tí mo bá sọ fún ọkùnrin pé kó lo rọ́bà, á nawọ́ sí ilẹ̀kùn, á ní ṣebí káàdì mi ti kún."

Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Ẹ ní kí ọlọ́pàá máa kó wa. Tí ọlọ́pàá bá ń ṣọ́ wa, n kò ní lè yọjú sí Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ ní kí káńsù fún wa ní káàdì. Ọwọ́ ọ̀gá náà ló máa wà. Àwọn ọkùnrin tó ń wá ńkọ́? Ta ló máa fún wọn ní tiwọn?"

Olújídé ń wo ilẹ̀.

Alájì Ràmọ́nù ní òfin kọjá ohun tí wọ́n lè ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ìjọba ni yóò sọ bóyá kí iṣẹ́ náà wà tàbí kó má wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí Olújídé lọ yọ ìṣó, kí ó dá káàdì padà fún àwọn tó ni ín. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọ́ obìnrin kankan ní ọ̀nà ilé ìwòsàn, pé ẹni tó bá kó ọmọ kékeré wá sí òtẹ́ẹ̀lì, tàbí tó fi tipá dá obìnrin dúró síbẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn máa mú un lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì Ọmọpẹ́ náà gbà pé òun ní àṣìṣe. Ó ní òun kò kọ ọ́ sára káàdì ohun tó jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi bírò pupa kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀: ẸNI TÓ Ń GBA ÌTỌ́JÚ LÓ NI KÁÀDÌ YÌÍ.

Kí ìpàdé náà tó wáyé ni wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ńlá ní Òṣogbo. Ojú òsì là kedere. Ti ọ̀tún, funfun kékeré kan kù sí ẹ̀gbẹ́ dúdú ojú, bíi ẹyọ ìrẹsì. Dókítà ní yóò máa fi ríran, ṣùgbọ́n kò ní rí i tó ti òsì. Kò sì ní lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì fún Mùkáílà náà ní káàdì yẹ́lò, ó fún Nímọ́tà ní tirẹ̀. Ó kọ déètì sí ti ọkọ ní ìlà mẹ́rin, ó ní kí wọ́n má ṣe bá ara wọn sùn títí òǹtẹ̀ ìkẹyìn yóò fi wọlé fún àwọn méjèèjì. Mùkáílà fẹ́ tọ́jú tirẹ̀ sínú fìlà. Nímọ́tà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó wá ìṣó àti òkúta, ó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Ó ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ti sún síwájú nítorí ojú ọmọ, nígbà tí wọ́n sọ ọmọ ní Tàjùdíìnì. Ìyá Mùkáílà bẹ ìyàwó pé kó yọ ọ́ kí àlejò tó dé.

"Ó ku òǹtẹ̀ méjì, Màámi," Nímọ́tà dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò dé. Awakọ̀ ẹgbẹ́ Mùkáílà kan dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé wọ́n ti wo Mùkáílà náà, ṣé ara rẹ̀ ti mọ́. Mùkáílà gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó yí ojú ọ̀tún rẹ̀ síta kí ọ̀rẹ́ náà lè rí i.

"Àìsàn ló ń ṣe mí," ó ní. "Wo ìlà tó ṣófo lára káàdì yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kan yín. Kò sí káàdì, òǹtẹ̀ tàbí ẹ̀rí ẹnu tó lè sọ fún yín pé ara ẹnì kan mọ́ lónìí. Ẹni tó bá ní aya tàbí ọkọ, kó dúró tì í. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó lo rọ́bà nígbà gbogbo. Tí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ má ra kápúsù ní gáréèjì, nítorí ìta náà lè lọ kí àrùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ẹnìkejì yín dání.

Ẹ̀yin aboyún, níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ bímọ, ẹ béèrè oògùn ojú fún ọmọ ní wákàtí tí wọ́n bá bí i. Tí ojú ọmọ tuntun bá ń yọ ọyún, ẹ má fi omi ọmú tàbí àgbo sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń jiyàn òfin nípa àwọn aṣẹ́wó ládùúgbò yín, bóyá kí wọ́n gbà á, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tàbí kí wọ́n fi òfin dè é, ẹ béèrè bóyá òfin náà máa jẹ́ kí ẹni tó ń ṣàìsàn jáde wá gba abẹ́rẹ́, tàbí ó máa mú un sá pamọ́. Ẹ tún béèrè ohun tí Sàrátù béèrè nípa àwọn ọkùnrin. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lóhùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alájì Ràmọ́nù.