Ìka Kẹfà

"Akọ̀wé, di ẹ̀mú yẹn mú dáadáa, má jẹ́ kó yọ̀."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀mú mú. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé, ó ń ká irin tó gé lára agolo mílíìkì. Irin náà ti ya á ní ìka méjì, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Nígbà tó parí, ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò tó ìka ọmọdé: irin pẹlẹbẹ tó ní ihò lókè, tó sì ká nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ni yóò máa ṣẹ́ etí àpò ṣòkòtò kí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀. Ẹni tó ń rán kò ní fi ọwọ́ ṣẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìka kẹfà ni àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ ń pè é.

"Ta lẹ ń ṣe eléyìí fún, Màámi?"

"Ìyá Onígíláàsì. Tiẹ̀ ti kán, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n ju ti èṣí lọ."

Nílé-iṣẹ́ aránṣọ yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Mẹ́tàlélógójì ni ìyá Akọ̀wé, Méje sì ni Ìyá Onígíláàsì. Ọgọ́rùn-ún àpò ni kálukú gbọ́dọ̀ rán lóòjọ́, ẹni tí kò bá sì rí i rán fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa lọ ilé. Ìka kẹfà lè jẹ́ kí obìnrin tó lágbára rán igba, àmọ́ kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Àwọn tó yára ń rọra ṣe, àwọn tí ara wọn kò gbé kánkán ń bá wọn, kò sì sẹ́ni tó ń kù sẹ́yìn. Bí bàtà alábòójútó bá ti ń dún lókèèrè, gbogbo ìka kẹfà á ti wọ àpò.

"Ọgbọ́n tí ọ̀gá bá rí, iṣẹ́ ló máa fi kún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O gbọ́ mi?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Màámi, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?"

Ẹni tó fẹ́ sọ fún dé ní sáà ilé-ìwé tó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ náà ṣètò ìdíje àròkọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé: "Bí ìṣàkóso, ẹ̀rọ àti ọgbọ́n tuntun ṣe gbé ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wa dìde." Ẹni tó bá gba ipò kìíní, ilé-iṣẹ́ ni yóò san owó ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde ní yunifásítì, yóò sì máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn nígbà ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yunifásítì yìí kò jẹ́ kí Akọ̀wé gbádùn mọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kedere pé ìwé mẹ́wàá ni agbára òun mọ.

Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ nípa ayé ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán aṣọ, tí orílẹ̀-èdè ń ra aṣọ ọmọ ogun rẹ̀ lókè òkun. Ó kọ nípa bí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe dé, tí ẹ̀rọ oníná tẹ̀lé e, àti bí ọ̀gá kan ṣe pín iṣẹ́ débi pé ẹnì kan ń rán ọrùn, ẹnì kan ń rán àpò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kó aṣọ lọ tà lókè òkun náà.

Olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kà á, ó dá a padà. "Ogún ọmọ ló ti kọ eléyìí fún mi. Níbo ni ọgbọ́n tuntun wà níbẹ̀? Ohun tí ìwọ fojú ara rẹ rí ni kó o kọ."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ náà gbàgbé ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀. Kò gbàgbé. Ó jẹ ẹnu gègé títí ó fi fọ́, ó tan ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n á tilẹ̀ yẹ́ ìyá òun sí, ó wá kọ nípa ìka kẹfà tí ìyá rẹ̀ ṣe. Ó kọ ọ́ pé ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń lò ó. Ó kọ ọ́ pé èèyàn lè fi rán igba àpò lóòjọ́. Ó ya ìka kẹfà síbẹ̀, ó sì fi rúlà wọn gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó gba ipò kìíní. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá Aago ni wọ́n ń pè é, nítorí aago tó ń gbé kọ́rùn, tó fi ń wọn ìṣẹ́jú tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò nílé ìtọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alábòójútó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyá Akọ̀wé, ó na ọwọ́. "Mẹ́tàlélógójì, mú un wá."

Nígbà tí ìyá délé, ó ní kí Akọ̀wé fi àròkọ náà han òun. Ó wo àwòrán yẹn pẹ́.

"O yà á dáadáa," ló wí. "Ihò òkè yẹn nìkan ló kéré díẹ̀."

Ó dìde, ó lọ fọ aṣọ. Akọ̀wé ì bá fẹ́ kó lu òun.

Láàárín oṣù kan, alágbẹ̀dẹ ti rọ ìka kẹfà fún gbogbo ẹ̀rọ. Ìyá Akọ̀wé ni wọ́n ní kó kọ́ àwọn tí kò tíì lò ó rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn náà, ọgọ́rùn-ún di igba. Nígbà tí ìsinmi dé, Akọ̀wé wọ ọ́fíìsì, ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá Aago na ìwé kan sí i.

"Ohùn rẹ já gaara. Lọ ka nọ́ńbà wọ̀nyí fún wọn lẹ́nu géètì. A ò nílò wọn mọ́."

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Akọ̀wé fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú wọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ìyá mi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹni tó fi irú ọgbọ́n yẹn pamọ́ fún wa fọ́dún mẹ́rin, olè ni. Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé ọdún mẹ́rin ni." Ó wo aago ọrùn rẹ̀. "Àbí kí n wá ẹlòmíràn tó máa kà á, kó sì gba ẹ̀bùn rẹ pẹ̀lú?"

Akọ̀wé ronú kan yunifásítì. Ó gba ìwé náà.

Àwọn obìnrin ti tò sí ẹnu géètì. "Méje," ló pè.

Ìyá Onígíláàsì na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n sókè. "Mo wà níbí. O mà ń kà á dáadáa. Ṣé o rántí pé bọ́tìnnì ni mo fi kọ́ ọ ní ení, èjì, nígbà tí ìyá rẹ bá lọ síṣẹ́ alẹ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Akọ̀wé ń kà á lọ. Nígbà tó kan Mẹ́tàlélógójì, ó pè é jẹ́jẹ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Ọ̀gá Aago wí.

Ó tún un pè, sókè.

"Mo wà níbí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, olùkọ́ ka àròkọ náà fún gbogbo kíláàsì. Ó ní àpò tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rán lóòjọ́ ti di ìlọ́po méjì, pé bí orílẹ̀-èdè ṣe ń dàgbà nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Kò sọ ti obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n, torí kò sí wọn nínú àròkọ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọgbọ́n tuntun dára, ẹ̀rọ sì dára, àmọ́ àṣírí tí èèyàn fi sí yín lọ́wọ́ kì í ṣe ọjà yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ìyà rẹ̀ máa jẹ kẹ́ ẹ tó tà á.

Akọ̀wé ṣì ń lọ sílé-ìwé, owó ilé-iṣẹ́ kò sì dá. Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ rán aṣọ tó ya fún àwọn ará àdúgbò, torí kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akọ̀wé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí."

Ìyá rẹ̀ já okùn abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà," ló wí. "Ìwọ mọ ibi tí a dúró sí kó o tó jù ú."