Ojú Àgbàrá Tí Kò Bá Ọ̀nà Rìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọdún kẹta tí àwọn sójà gba ìjọba tí wọ́n ní Ìyípadà dé, wọ́n bá òkú Francisco lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Òun ni àgbà nínú àwọn tó ń ya àwòrán ìlú ní Àjàṣẹ́. Irin tí wọ́n fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ ni ẹnìkan fi lù ú lẹ́yìn orí.

Kí Kọmísà Oyèkànmí, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, tó dé, àwọn sójà ti mú Liamidi, ọkùnrin tó ń fi páànù rọ àtùpà ní àdúgbò Dowa. Wọ́n ní ọ̀tá Ìyípadà ni, ọ̀sán ni àwọn máa gbé e lọ sí Kútọnu. Lọ́dún náà, ẹni tí wọ́n bá gbé lọ bẹ́ẹ̀, ará ilé rẹ̀ kì í tètè rí i mọ́.

Aago mẹ́sàn-án ti lù. Kọmísà kò jókòó.

Maurice, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwòrán tí Francisco ti ń ṣiṣẹ́, ló júwe Liamidi fún wọn. Ó ní, "Kàmáràdì Kọmísà, èmi ti lọ sílé láago mẹ́rin àná. Ọ̀nà tuntun tí ìjọba fẹ́ là máa wó ilé Liamidi. Ó wá halẹ̀ mọ́ olóògbé pé kí katakata tó kan ògiri òun, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ ṣàn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí ló tún kù?"

Kọmísà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jáde lọ bá Liamidi nínú mọ́tò àwọn sójà. Wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ halẹ̀ mọ́ ọn?"

"Mo halẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo dé, òun nìkan ni mo bá. Mo ní ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Ó ní kí n lọ sùn, ọ̀nà ò kan ilé mi, ọwọ́ òun lòun fi yà á. Mo pè é ní òpùrọ́, mo bá tèmi lọ."

"Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tí mo rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣíwọ́."

Kọmísà padà wọlé. Georgette, ọmọbìnrin tó ń bá Francisco yàwòrán, ṣì ń nu ojú.

"Fi ọ̀nà Dowa hàn mí."

Ó kó bébà mẹ́rin jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. "Kálìkì là ń pè é. Ó fẹ́lẹ́, ẹ lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti òkè. Bàbá Francisco kì í jẹ́ ká da nǹkan pọ̀. Ilẹ̀ nìkan ló wà lórí èkíní, ilé lórí èkejì, kànga àti ojú àgbàrá tí wọ́n máa gbẹ́ fún omi òjò lórí ẹ̀kẹta, ọ̀nà lórí ẹ̀kẹrin. Tí a bá fẹ́ tún ọ̀kan yà, ìyókù á wà bó ṣe wà."

Ó tò wọ́n léra, ó fi pín-ìnnì kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tábìlì. Ọ̀nà náà la àárín ilé Liamidi kọjá gan-an.

Ọkàn Kọmísà rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn sójà ti ń ṣíná mọ́tò níta. Ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lára bébà mẹ́ta, ihò pín-ìnnì ti fẹ̀ nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kàn án. Ti ẹ̀kẹrin há gádígádí, bíi ti bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.

"Yọ ẹ̀kẹrin kúrò."

Nígbà tí ó yọ ọ́, ojú àgbàrá méjì hàn kedere lórí ẹ̀kẹta, wọ́n ń bára wọn lọ, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín. Wọn ò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Liamidi.

"Níbo ni ojú àgbàrá máa ń wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni." Ohùn Georgette ti yí padà.

"Ilé ta ló wà láàárín méjèèjì yìí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Maurice dúró níbẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Ilé tuntun Madame Cécile ni. Ìyàwó ọ̀gá."

Kọmísà ké sí olórí àwọn sójà pé kí wọ́n paná mọ́tò, kó sì wọlé wá gbọ́.

Maurice ní, "Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lè ya bébà kan."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tìrẹ ni ọ̀nà yẹ̀ fún. O tún ọ̀nà yà, o gbàgbé pé ojú àgbàrá wà lórí bébà mìíràn. Lẹ́yìn tí Liamidi jáde, Francisco yọ àwòrán wò, ó sì rí ohun tí o ṣe. O ní aago mẹ́rin lo lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni Liamidi sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Níbo lo wà tí o fi gbọ́ ọ?"

Maurice fọwọ́ ti ara ògiri.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ilé yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí irọ́."

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n tú Liamidi sílẹ̀. Ó ra ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó bi Georgette pé níbo ni Louise, ìyàwó Francisco, ń gbé.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ lọ sílé?"

"Òpùrọ́ ni mo pè é kẹ́yìn," ni Liamidi wí. Ó yí padà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé olókùú.