Láìkì Kì í Tò Sórí Ìlà Ìbò

Ẹ bá mi wo Yínúsà, fọ́kanáísà Creek Road. Táyà tírélà wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n lẹ òun, ṣùgbọ́n fóònù ni ọ̀gá tẹjú mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

"Àǹtí Ebiere, ẹ wá wò ó! Láìkì yín lórí Fesibúùkù ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. We don win am!"

Ebiere ni télọ̀ Amukoko tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀. Òun ló máa ń kó àwọn ará àdúgbò jọ láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí òjò tó dé, kí omi má baà bá wọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Yínúsà ló fi ṣe alukoro.

"Yínúsà, Sátidé yìí mà nìbò. Ṣé kí n ṣì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé?"

"Ojúlé kẹ̀? Ẹ lọ rán aṣọ tẹ́ ẹ máa fi búra! Èmi gan-an, bóyá ni mo máa lọ dìbò. Ìbò yín ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí ni tèmi fẹ́ bù kún un?"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Tẹniọlá, àbúrò Yínúsà, wọlé. Iṣẹ́ Tẹniọlá ni pé, tí ìbò bá ti ń bọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa ka ohun táwọn èèyàn ń kọ sórí ayélujára, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn olùdìbò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Bọ̀dá mi, nínú àwọn tó láìkì yìí, ta ni Garba?"

"Kọ́sítọ́mà mi ni. Awakọ̀ tírélà."

"Níbo ló ti gba káàdì ìdìbò?"

"Á... Kánò ni."

"Nnaemeka ńkọ́?"

"Awakọ̀ náà ni. Onitsha."

"Godspower?"

"Warri," ni Yínúsà wí. Ohùn ẹ̀ ti ń lọlẹ̀ bíi táyà tó gun ìṣó.

Tẹniọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kọ́sítọ́mà yín ti to tírélà kalẹ̀ sí èbúté Tin Can, wọn ò ríbi lọ, fóònù nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò ewúrẹ́ síbẹ̀, wọ́n á láìkì ẹ̀!"

"Èmi wá ni ewúrẹ́?" Ebiere ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà ẹ̀ ti já. "Ká kúkú pa fóònù tì nìyẹn."

"Rárá o, mà. Èèyàn máa ń sọ tinú ẹ̀ níbẹ̀. Ká ṣáà mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tó ń gbé, àti ohun tó ń sọ gan-an. Ẹ wo èyí."

Mọ́nsúrátù kan láti Amukoko ló kọ ọ́: "Àǹtí yìí ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní wọ́n ti gbé ibùdó ìdìbò wa kúrò, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Màá jókòó sílé mi jẹ́jẹ́." Àwọn ará àdúgbò ẹ̀ tò sábẹ́ ẹ̀: "Èmi náà." "Èmi náà o." Kò sí láìkì kankan níbẹ̀, ìyẹn ni Yínúsà ò fi kà á.

"Àwọn tó níbò nìyí," ni Tẹniọlá wí, "ilé ni wọ́n sì fẹ́ jókòó sí."

Yínúsà gbàgbé táyà. Òun àti Tẹniọlá lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn elétò ìdìbò. Irọ́ gbáà! Ibùdó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ni wọ́n bá mú ọ̀nà pọ̀n, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ dìbò fún," ni Yínúsà ń sọ fún wọn, "ṣùgbọ́n ibùdó yín ò kúrò lójú kan. Ẹ jáde!"

Nígbà tó di Sátidé, Yínúsà ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ tò. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Mọ́nsúrátù àti gbogbo ará àdúgbò ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ́ bọ̀.

Ebiere wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi wọlé. Ká ní àdúgbò Mọ́nsúrátù jókòó sílé ni, ì bá ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Yínúsà gbé ọpẹ́ sórí Fesibúùkù. Ta ló kọ́kọ́ láìkì ẹ̀? Garba ni. Ó ṣì wà lórí ìlà ní Tin Can.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí aládùúgbò yín bá kọ sórí ayélujára, ẹ kà á dáadáa, ó lè jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé ibùdó yín kúrò, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìdìbò kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo orí fóònù tàn yín pé ìbò ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìka tẹ́ ẹ fi ń tẹ láìkì yẹn, ẹ bá wa gbé e dé ibi àpótí ìbò.