Wọ́n Mú Apòògùn Kúrò, Wọ́n Ní Àwọn Ń Ṣọ́wó Ná

Ìrun Mágíríbì kù díẹ̀ ní ilé Ijja. Ọbẹ̀ tòmátì tí à ń pè ní harira ti hó, dàbínù wà nínú àwo, Tiziri ọmọ rẹ̀ sì ti ń ti ọwọ́ bọ inú ìpápánu olóyin tí wọ́n fẹ́ fi ṣínu.

"Tiziri, mú ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣé ìwọ náà gbààwẹ̀ ni?"

"Mo gbà á títí di ọ̀sán, Màámi."

"Ààwẹ̀ àwọn ológbò nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe pe ìrun, Ijja mu omi, ó jẹ dàbínù kan, ó sì kó oògùn rẹ̀ sẹ́nu. Ọ̀kan ni oògùn kòkòrò HIV tó ti ń lò láti ìgbà oyún Tiziri. Èkejì ni oògùn funfun tí à ń rún lẹ́nu nítorí àyà tó ń ta á. Ẹni tó bá ń fi ọbẹ̀ tòmátì àti kọfí ṣínu lójoojúmọ́ mọ àyà títa yẹn. Ó gbé méjèèjì mì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fa àwo ọbẹ̀ mọ́ra.

Èmi Ìyá Yidir jókòó tì í nígbà tó ṣe é, nítorí ilé wa fara kan ara, a sì máa ń ṣínu pọ̀. Ijja fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn yìí, kò sì ní kí n fi orúkọ òun pamọ́.

Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ló máa ń lo oògùn HIV rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì, kó tó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo. Ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè ààwẹ̀. Àìsàn kò jẹ́ kó gba ti ọdún tó kọjá pé. Láti oṣù Rájábù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ó san án wọ Ṣáábánì, Ràmàdánì sì bá a lẹ́nu rẹ̀. Ó wá kó gbogbo oògùn rẹ̀ sí ìṣínu. Ní agbègbè Súùsì níbí, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbé mì, ìṣínu ni.

Dókítà Nezha, apòògùn tó wà ní ibi ìtọ́jú HIV nílé ìwòsàn wa, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Rájábù bá ti wọlé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba páálí oògùn kó sì máa lọ. Á ní kó jókòó. Á bi í bóyá ó fẹ́ gbààwẹ̀, aago wo ló ń lo oògùn, kí ló tún ń gbé mì lẹ́yìn rẹ̀.

Inú Rájábù ọdún yìí gan-an ni ọ̀gá ilé ìwòsàn mú un kúrò. Wọ́n ní owó ń lọ lórí ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà lè na páálí oògùn síni. Wọ́n lu ihò kan sára ògiri bíi fèrèsé, wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní "àtúntò ètò ìnáwó." Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ dáadáa yẹn ni ara ti fu mí. Nǹkan tó bá dára, ẹ máa ń rí i kí ẹ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ijja gba oògùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò tí wọn kò rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ti tún yọjú.

"O ti ń fo oògùn," ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ.

"N kò fò ó rí, Dókítà."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́."

Ó ní àfàìmọ̀ kí àwọn má yí oògùn rẹ̀ padà. Tuntun náà, láti olú ìlú ni wọ́n á ti béèrè fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni yóò máa lò ó, á sì máa wá fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹja kì í sì í sanwó ọjọ́ téèyàn kò bá wá. Ẹni tó bá ń pa iṣẹ́ jẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ba Ijja lọ́kàn jẹ́ jù. Lahsen ọkọ rẹ̀ kò ní kòkòrò yìí. Torí pé oògùn ti tẹ kòkòrò náà rì ni kò fi ràn án, wọ́n sì ti ń gbèrò ọmọ kejì. Ní báyìí, ẹ̀rù bà á láti sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ó ń fò ó?" Lahsen bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. "Ìṣojú mi ló ti ń gbé e mì lójoojúmọ́. Ṣé ojú mi náà ń parọ́ ni?"

"Baba Tiziri, ẹ fi Ìyá Yidir sílẹ̀," ni Ijja sọ. "Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Mi ò bá a jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan dá mi lóhùn ni. Ṣé ó ti ràn mí?"

Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì mo mú Ijja lọ́wọ́, a wá Dókítà Nezha kàn. Yàrá ìkẹ́rùsí ni a bá a, láàárín àwọn páálí omi tí wọ́n ń fà sáwọn aláìsàn lára. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní kó máa to páálí.

"Ijja, o ti rù," ló sọ.

"Ààwẹ̀ ni, Dókítà. Ẹ̀sùn sì wà lórí rẹ̀."

Ó fa páálí kan fún un kó jókòó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bi í bóyá ó fo oògùn. Ohun tó sọ ni pé, "Sọ bí o ṣe ń ṣínu fún mi. Láti orí omi."

"Mo máa mu omi. Mo máa jẹ dàbínù. Mo máa lo oògùn mi. Àyà máa ń ta mí, mo máa rún èyí tó funfun yẹn."

"Lẹ́yìn wákàtí mélòó?"

"Wákàtí kẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní."

Dókítà Nezha rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ijja, oògùn àyà yẹn ló ń di oògùn HIV rẹ mú nínú ikùn. O ń gbé e mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ tó."

"N kò fò ó nígbà náà?"

"O kò fò ó."

Ìgbà yẹn ni Ijja wá sunkún.

Dókítà Nezha dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Ijja máa ṣe. Bó bá ń gbààwẹ̀, kó lo oògùn HIV ní ìṣínu, kí oògùn àyà di ìgbà sààrì. Bí kò bá gbààwẹ̀, kó lo ti HIV ṣáájú, kó tó wákàtí méjì ó kéré tán kó tó rún ti àyà. Tó bá jẹ́ ti àyà ló kọ́kọ́ lò, kó dúró fún wákàtí mẹ́fà. Kó dín ìpápánu olóyin kù, kí àyà má baà máa ta á. Kí òun àti Lahsen lo kọ́ńdọ́ọ̀mù títí àyẹ̀wò yóò fi dára, kí Lahsen náà sì lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ó pe dókítà tó ń tọ́jú Ijja lórí fóònù níṣojú wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí oògùn obìnrin yẹn padà." Ó ṣàlàyé ohun tó rí. Dókítà náà gbọ́, ó sì gbà pé kí àwọn kọ́kọ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa rí. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ Ijja wò, kòkòrò náà ti lọ sílẹ̀ débi pé wọn kò rí i mọ́. Wọn kò yí oògùn padà. Lahsen kò kó o.

Ìbínú mi kò tíì tán. Èmi àti Ijja lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn.

"Ìyá, ẹ kò mọ bí ìnáwó ilé ìwòsàn ṣe ń lọ," ló sọ fún mi.

"N kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ kọ́ mi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lé àyẹ̀wò fún un, ta ló san án?"

"Àwa ni."

"Oògùn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fún un, ṣé ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Ó wọ́n jù ú lọ dáadáa."

"Títí ọjọ́ ayé rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tó bá wá ran ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni méjì nìyẹn, títí ọjọ́ ayé wọn."

Ijja ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ìbéèrè kan ni Dókítà Nezha bi mí. Ìbéèrè yẹn ni ẹ ní ó wọ́n."

"A máa gbé e yẹ̀ wò."

"Láti Rájábù lẹ ti ń gbé nǹkan yẹ̀ wò," ni mo sọ. "Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ló kó wa dé ibí."

Ọ̀gá náà ti dá Dókítà Nezha padà, àmọ́ òwúrọ̀ méjì péré láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ yòókù, fèrèsé ni. Ẹni tó bá bọ́ sí ọjọ́ fèrèsé, Ijja mìíràn nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń lo oògùn HIV, àti ẹ̀yin tó fẹ́ràn wọn. Oògùn tí wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ló san owó rẹ̀, ó sì máa ń ṣòfò nígbà tí kò bá sí ẹni tó bi yín bí ẹ ṣe ń lò ó. Owó oṣù apòògùn kì í ṣe owó tó ń jò. Àìsí rẹ̀ ló ń jò: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní àyẹ̀túnyẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì, ẹ kó o lọ fi han apòògùn, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe oògùn àyà. Kí ẹ tó gbààwẹ̀, ẹ lọ bi í. Bí wọ́n bá ní ẹ fo oògùn, tí ẹ kò sì fò ó, ẹ má gba ẹ̀sùn náà.

Bí wọ́n bá na páálí sí yín lójú fèrèsé, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò. Ẹ béèrè pé apòògùn dà, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi pè é wá.