Ẹ Má Fi Aṣọ Bo Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sáré

Eruku pupa kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ní Ayétòrò. Ìdí nìyẹn tí Màmá Olúdayọ̀ fi máa ń da ìborùn bo kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Olúdayọ̀ fẹ́ kí fídíò ìgbéyàwó kan tó ń ṣe fún oníbàárà tètè parí. Ó wo ohun tí ẹnì kan ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi kún eré tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ń sá. Ó fi kún iná tó ń jẹ pẹ̀lú. Màmá sì tún ti da ìborùn bo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

Kò pẹ́, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú.

Títílọpẹ́, àbúrò Olúdayọ̀, figbe ta. "Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú ẹ̀! Ọ̀sán yìí ni mo máa gbé e fún olùkọ́ mi!"

"Dákẹ́ ariwo. Màá tún un tan," ni Olúdayọ̀ wí.

Ó tan án, ó kú. Ó tún un tan, ó tún kú. Òórùn ike gbígbóná gba yàrá.

"Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ tútù nù ún," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kàn án!" Fúnmilọ́lá ló ń sáré wọlé bọ̀, aládùúgbò wọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní pólì. Ó fa wáyà yọ, ó ká ìborùn kúrò. "Ta ló bò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi ni. Ṣé kí eruku wá pa á ni?"

"Ihò wọ̀nyí ni ooru ń gbà jáde, Màmá. Olúdayọ̀ ní kó máa sáré, ẹ̀yin sì dí i nímú."

Wọ́n dúró kó tutù. Títílọpẹ́ kọjú sí ògiri. Fúnmilọ́lá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn fáànù, ó tan án, ó sì dá eré rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kú.

Olúdayọ̀ nawọ́. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo fídíò mi, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó ti délé ọkọ, fídíò rẹ lè dúró," ni Fúnmilọ́lá wí. " Jókòó jẹ́jẹ́!"

Títílọpẹ́ ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé tán, ó fa fláàṣì náà yọ, ó sá jáde. Kò rántí dúpẹ́.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbé e sórí tìmùtìmù. Ẹ máa gbọn eruku rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti pa á. Eré tí wọ́n fi ṣe é tó yín. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo ìwọ̀n ooru rẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún (90°C), ẹ dín eré rẹ̀ kù. Bí ẹ ò bá mọ̀ nípa iná tó ń jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn. Kọ̀ǹpútà tó jó, ẹ lè ra òmíràn. Iṣẹ́ tó bá a jó, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?