Ìbọn Tó Ń Yà sí Òsì

"Táǹkì omi ló wá di ẹran ìgbẹ́ báyìí? Mo ní, ṣé táǹkì la máa sè jẹ lálẹ́ òní?"

Ohùn ìyàwó Atamátàsé ló gba ẹ̀yìnkùlé kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omi ń tú yàà láti ìhà táǹkì aládùúgbò. Páálí tí ọkọ rẹ̀ fi èédú yí àmì sí dúró lára ògiri, ara rẹ̀ pé, kò lu níbì kankan. Ọkùnrin náà jókòó sórí bíríkì pẹ̀lú ṣakabùlà lórí itan, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ń roko láti àná.

"Irin ìfojúsùn ni," ló wí. "Ó tún ti yà."

"Ó tún ti yà! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń yà. Ìbọn kì í sinmi ni?"

"Ìyá àwọn ọmọ, fi mí sílẹ̀."

"N ò fi yín sílẹ̀! Ta ní ń dán ìbọn wò láàárín ilé? Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń pọnmi lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ni ẹ fẹ́ kí n lọ bẹ̀?"

Ọkùnrin náà ń fọwọ́ ra irin ìbọn. Ogún ọdún ló fi jẹ́ Atamátàsé, kò sì rà á lọ́jà: ọta kan, ẹran kan. Àfi láti èṣí tí ọta ti ń gba òsì lọ. Bó bá ti yà, á mú òòlù, á kan irin ìfojúsùn tẹ̀yìn sí ọ̀tún. Bó tún yà, á tún kàn án. Nígbà tó forí gbá férémù ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ìyàwó ní kó lọ yẹ ojú wò. Ó ní ojú ọdẹ kì í darúgbó. Ilẹ̀kùn ló wà níbi tí kò yẹ kó wà, àbí?

Àkọ́bí wọn obìnrin jáde sí wọn. Aránbàtà ni, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ lọ.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá tún fi òòlù kan irin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òrùlé ilé ìjọba ló kù tí ọta yín máa lu."

Alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe rí wọn lókèèrè, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé láàárín oṣù méjì. Ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó mi gan-an kì í rí mi tó báyìí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó kó wọn lọ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan, níbi tí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ga lẹ́yìn àmì, kí ọta má baà ré kọjá lọ bá ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn.

"Ọta kan kì í ṣe ẹ̀rí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó yìn ín. Ìwọ̀n ẹ̀tù kan náà, irú ọta kan náà, lórí iyanrìn, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kóra jọ sí la ó fi dájọ́. Ẹni tó ń kan irin lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ló ń lé kiri."

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò mẹ́ta kóra jọ bí ẹbí, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni wọ́n wà, wọ́n fi odindi apá kan jìnnà sí àmì.

"Ọ̀tún kẹ̀?" ni àkọ́bí wí. "Òsì ni Bàbá ń pariwo láti ọjọ́ yìí!"

"Òòlù bàbá rẹ ló tì í débẹ̀," ni alágbẹ̀dẹ wí. Ó fi ègé bàbà ti irin ẹ̀yìn kí òòlù má baà dá a lọ́gbẹ́, ó rọra kàn án sí òsì.

"Irin ẹ̀yìn, ibi tí o bá fẹ́ kí ọta lọ ni kó o tì í sí. Irin iwájú, òdìkejì ni. Bí ọta bá ń lọ sílẹ̀ jù, à ń fi fáìlì ha orí irin iwájú. Díẹ̀díẹ̀ o, torí èyí tí a bá ha dànù ti lọ nìyẹn."

Ó tún yin mẹ́ta. Gbogbo wọn wọnú àmì.

"Ó yá, ìwọ."

Atamátàsé yìn ín. Òsì. Ó tún yìn ín. Òsì. Lẹ́ẹ̀kẹta, alágbẹ̀dẹ ò wo páálí mọ́, ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i bó ṣe da ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá ìdí ìbọn, tó wọ́ ọrùn títí ojú òsì fi dé orí ọ̀pá ìbọn. Ó na ọwọ́ dúdú rẹ̀, ó fi bo ojú òsì náà.

"Kí lo rí?"

"Gbé ọwọ́ kúrò lójú mi ná."

"Ojú kan ni mo bò."

"Irọ́ ni. Méjèèjì lo bò."

"Bàbá," ohùn àkọ́bí ti lọ sílẹ̀, "ojú ọ̀tún yín là sílẹ̀ o."

Alágbẹ̀dẹ gbé ọwọ́ kúrò. "Ìbọn rẹ ò ṣe nǹkan kan. Máa lọ bá dókítà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo lẹ yẹ ojú wò kẹ́yìn? Ẹ̀ ń yẹ táyà wò. Ẹ̀ ń nu fóònù. Ojú tí ẹ fi ń wo méjèèjì ńkọ́? Ó di ìgbà tó bá fọ́.

Bàbá àti ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí ẹsẹ̀ fi kú tipiri. Dókítà obìnrin kan tan iná wo inú ojú ọkùnrin náà, ó wọn agbára omi inú rẹ̀.

"Glọkómà ni, Bàbá. Omi inú ẹyinjú ń ti iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń jẹ wá, bí ikán, ojú kejì á sì máa bò ó mọ́lẹ̀."

"Ẹ fún mi ní oògùn kí n ríran padà."

"Oògùn àti iṣẹ́ abẹ ń ṣọ́ èyí tó kù ni. Èyí tó ti lọ kì í padà."

"Bí mo bá ti wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

Dókítà wo tábìlì. "À bá rí i ṣọ́, Bàbá."

Atamátàsé mi orí.

"Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún, kó máa wá yẹ ojú wò, ì báà má dùn ún. Àrùn yìí tún máa ń rìn nínú ẹbí, kì í dúró de ogójì. Kí gbogbo ọmọ yín wá."

"Èmi?" Àkọ́bí rẹ́rìn-ín. "Ojú mi mọ́ gaara, Dókítà. Mò ń rí eṣinṣin lórí òrùlé ọ̀hún yẹn."

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín sórí ẹ̀rọ yìí."

Dókítà wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó padà sí ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pa iná ẹ̀rọ náà, ó fa káàdì tuntun yọ.

"Ẹ jókòó dáadáa, arábìnrin. Tiyín náà ti bẹ̀rẹ̀."