Ọ̀nà tí Àǹtí Falilat Ń Gbà Wọlé

Mi ò mọ ìtàn pa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo mọ̀: mò ń tún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ṣe ní Rosettenville, ní Johannesburg, wíwò ni mo sì fi kọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí àti èyí tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò níbẹ̀.

Oníbàárà mi ni Àǹtí Falilat. Akáǹtáǹtì ni, ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ń gbé e gun àtẹ̀gùn tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀. Ó ní wọ́n ń gbé òun bí àpò gàrí, òun á sì tún máa dúpẹ́. Ó ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó rí ọ̀nà dagẹ̀rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, tí kẹ̀kẹ́ lè gùn. Látọjọ́ náà ló ti ń dá wọlé, tó ń dá jáde.

Máàpù kan wà lórí fóònù tí àwọn ará Johannesburg jọ ń ṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹni tó bá rí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, á fi àmì sí i. Ẹni tó bá rí etí títì tó ti wó, tàbí rọ́bọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, tí ò ṣiṣẹ́ mọ́, òun náà á fi sí i. Àǹtí fi dagẹ̀rẹ́ yẹn sí i. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn gbabẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó dára.

Ni ìyá kan tó ń fi ọ̀pá rìn bá kọ̀wé pé àtẹ̀gùn nìkan lòun bá níbẹ̀, òun sì ṣubú. Àǹtí ní kí n wá ya fọ́tò, kí àríyànjiyàn lè tán.

Mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ. Títì dákẹ́. Àtẹ̀gùn ni mo rí. Mo lọ sọ́tùn-ún, mo lọ sósì. Mo fọwọ́ pa ilẹ̀. Síméǹtì tútù. Mo yà á bí mo ṣe rí i.

Àǹtí yọ lẹ́nu ọ̀nà lókè. "Ṣé o ti ya dagẹ̀rẹ́ náà?"

"Àǹtí, dagẹ̀rẹ́ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kì í wolẹ̀."

Mo tẹrí ba láti tan iná fóònù. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló tún un ṣe. Mo mọ igbe rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò ké. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bọ̀, bí ìgbà tí nǹkan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Afẹ́fẹ́ kan kọjá létí mi. Mo gbójú sókè. Àǹtí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo na fóònù sí i. Ó wo fọ́tò náà títí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àmì náà wà, Àǹtí. Ẹ kàn kọ ọ́ pé oníkẹ̀kẹ́ nìkan."

"Ìyá yẹn ṣubú, Bùkúnmi. Máàpù ò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ."

Ó pa àmì náà rẹ́ lórí máàpù níṣojú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí. Kò kí mi. Ó kàn ní kí n máa bọ̀. Mo bá a níwájú àtẹ̀gùn, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń tì síwájú, bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Kò rí dagẹ̀rẹ́ náà mọ́. Ó dá àmì náà padà sórí máàpù. Kò sí ohun tó yí padà. Àwọn ọkùnrin náà wá gbé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, a ń retí taksí. Ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà náà. Nasrullah lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni. Taksí kan fun fèrè, mo wẹ̀yìn. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń kí wa ní sàláámù.

Àǹtí rọra bi í pé ibo ló gbà.

Nasrullah wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn. "Ibí yìí náà ni."

Àǹtí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Táyà rẹ̀ kọlu síméǹtì.

"Ẹ sún sápá ọ̀tún díẹ̀," ni Nasrullah wí.

Ó sún un. Táyà tún kọlu síméǹtì.

"Díẹ̀ sí i, Àǹtí. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."